Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Sọ̀rọ̀ Fíìmù Tẹ́ ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Wò, Kó Má Baà Sú Ẹni Tó Ń Gbọ́ Yín

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo wo fíìmù kan lálẹ́ ọjọ́ kan, ó wọ̀ mí ní akínyẹmí ara, oorun ò kùn mí mọ́, ni mo bá gbé fóònù, mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ wo fíìmù yìí, ẹ má wulẹ̀ bi mí ní nǹkan kan, ẹ ṣáà wò ó." Mi ò tiẹ̀ rántí rárá pé kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n sin ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́, bẹ́ẹ̀ ilé ìwòsàn ni fíìmù yẹn ti bẹ̀rẹ̀, aláìsàn tó ń kú lọ lórí bẹ́ẹ̀dì lèèyàn máa wò fún bí ìdajì wákàtí kí ìtàn tó kúrò níbẹ̀. Wọn ò bá mi jà o. Ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn ò ju "Mo ti pa á. Ó dàárọ̀." Ó dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ.

Fíìmù yẹn dáa, títí dòní mo ṣì ń sọ pé ó dáa, èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń júwe fíìmù féèyàn. Àtìgbà yẹn ni mo ti wá ń ṣe é báyìí: ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún ni mo máa kọ́kọ́ rò, ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó ń rò nípa fíìmù. Bí mo ṣe ń ṣe é látìbẹ̀rẹ̀ dópin rèé, ẹ mú èyí tó bá wúlò fún yín níbẹ̀.

1. Ẹ kọ nǹkan sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an

Tí fíìmù bá parí, tí orúkọ àwọn tó ṣe é ṣì ń gòkè lọ lójú ẹ̀, ẹ má tíì lọ wo ohun táwọn èèyàn ń sọ nípa ẹ̀. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ka èrò ẹni mẹ́rin pẹ́nrẹ́n, tiyín ti dà pọ̀ mọ́ tiwọn nìyẹn, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ tiyín níbẹ̀ mọ́. Ẹ ṣí ibi tẹ́ ẹ máa ń kọ nǹkan sí lórí fóònù yín, kẹ́ ẹ kọ ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kì í ṣe àròkọ. Ibi tẹ́ ẹ ti rẹ́rìn-ín, ibi tí àyà yín ti já, àti èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, ibi tẹ́ ẹ ti gbé fóònù. Fóònù ò kí ń purọ́. Téèyàn bá ń sọ lọ́la pé fíìmù kan ò jẹ́ kóun mí, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá àwọn èèyàn lóhùn lórí WhatsApp kó tó parí, ara ẹ̀ ló ń tàn jẹ.

Ọ̀kan lára tèmi rèé, bí mo ṣe kọ ọ́ ni mo fi sílẹ̀:

"Ìṣẹ́jú 25, ọkùnrin yìí ṣì ń wa mọ́tò. Mo wo aago.
Ìṣẹ́jú 40, mo ti ń ka mẹ́sẹ́èjì.
Ìṣẹ́jú 52, obìnrin yẹn ṣílẹ̀kùn, kò sọ nǹkan kan. Mo ju fóònù sílẹ̀.
Ìparí, mi ò lè dìde."

Ẹ ò rí i pé gbogbo èrò mi ti wà níbẹ̀ tán? Tẹ́nì kan bá bi mí lọ́la, mo ti mọ ohun tí mo máa sọ: ó falẹ̀ gan-an fún nǹkan bíi wákàtí kan, ẹ máa nílò sùúrù, àmọ́ tí obìnrin kan bá ti ṣílẹ̀kùn báyìí, ẹ ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ìyẹn wúlò féèyàn ju "ó dùn kú" lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Ẹ tún kọ bẹ́ ẹ ṣe wò ó. Ṣé nínú sinimá ni àbí lórí fóònù, ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ wò ó tán àbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ gé e, ṣé oorun ń kùn yín. Mo ti bú fíìmù kan rí pé òkùnkùn ti pọ̀ jù níbẹ̀, èèyàn ò rí nǹkan kan, mo bú dírẹ́tọ̀, mo bú ẹni tó gbé kámẹ́rà, àṣé mo ti rẹ iná fóònù mi sílẹ̀ torí bátìrì tó ń tán lọ. Ojú tì mí nígbà tí mo tún un wò.

2. Ẹ dárúkọ fíìmù bó ṣe yẹ, kẹ́ ẹ fi ọdún kún un

Èyí kúrú, àmọ́ àwọn èèyàn kì í ṣe é. Orúkọ kan náà lè wà lára fíìmù mẹ́ta mẹ́rin. Ẹ wo A Star Is Born, wọ́n ṣe é ní 1937, wọ́n tún un ṣe ní 1954, wọ́n tún un ṣe ní 1976, wọ́n tún wá ṣe é ní 2018. Tẹ́ ẹ bá kàn ní kẹ́nì kan lọ wò ó, ẹni tó ń retí Lady Gaga tó ṣeré nínú ti 2018 lè lọ bá Barbra Streisand ti 1976 pàdé, kò sì ní mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń pariwo lé lórí. Ẹ sọ ọdún ẹ̀. Ẹ sọ bó ṣe gùn tó, torí ẹni tó ní wákàtí kan ààbọ̀ lọ́wọ́ yàtọ̀ sẹ́ni tó ní mẹ́ta. Ẹ sọ èdè tí wọ́n sọ níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ bóyá n'ṣe ni wọ́n kọ ìtumọ̀ ẹ̀ sísàlẹ̀ àbí wọ́n fi ohùn míì bo ohùn àwọn òṣèré mọ́lẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n á sá fún ìkejì yẹn, àwọn kan sì wà tí ojú ń dùn, tí wọn ò lè máa kàwé lójú fíìmù. Tó bá jẹ́ síríìsì ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè sọ. Kò sóhun tó burú tó kéèyàn jókòó wo nǹkan ní alẹ́ ọjọ́ ìsinmi, kó wá mọ̀ lẹ́yìn wákàtí kan pé ó ṣì ku apá méje.

3. Ẹ sọ ìtàn ẹ̀ débi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wá pa ẹnu dé

Ibí ni iṣẹ́ wà.

Òté tí mo fi lé ara mi ni pé mi ò ní sọ ohunkóhun tó bá kọjá ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Kò sí ìwé kankan tó sọ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo gbé e kalẹ̀, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ torí pé láàárín ogún ìṣẹ́jú yẹn ni ọ̀pọ̀ fíìmù ti ń sọ ẹni tí ìtàn dá lé lórí, ibi tó wà àti ohun tó ṣẹ̀ sí i. Ẹ má fi tírélà ṣe òdiwọ̀n o, tírélà míì ti tú gbogbo ẹ̀ síta kéèyàn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ ká fi fíìmù kan tí kò sí níbì kankan ṣàpẹẹrẹ, orí ara mi ni mo ti ń mú un jáde. Ẹnì kan lè sọ pé: "Fíìmù náà dá lórí ìdílé àti àṣírí." Ìyẹn ò sọ nǹkan kan, fíìmù wo ni kò dá lórí ìdílé àti àṣírí? Ẹlòmíì á ní: "Obìnrin kan rí lẹ́tà nínú àpò kóòtù ọkọ ẹ̀, ó wá jẹ́ pé àbúrò ẹ̀ tí wọ́n ní ó ti kú ló kọ ọ́, kò kú, ọkọ ẹ̀ ló fi í pa mọ́." Ó ti pa fíìmù yẹn nìyẹn, ẹ bá a kí kú ìpalẹ̀mọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ á ní: "Obìnrin kan fẹ́ fọ kóòtù ọkọ ẹ̀, ó rí lẹ́tà nínú àpò ẹ̀. Òun ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ sì rèé, kedere, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló kọ ọ́." Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn tí kò bi yín pé ibo lòun ti lè rí i wò, irú fíìmù yẹn kì í ṣe tiẹ̀, ẹ ò pàdánù nǹkan kan.

Spoiler, ìyẹn kéèyàn tú àṣírí fíìmù fẹ́ni tí kò tíì wò ó, pọ̀ ju kéèyàn sọ ìparí lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó gbà pé òun kì í tú àṣírí fíìmù, ó á kàn rọra sọ fún yín pé "Ẹ máa wo ìyá yẹn dáadáa o." Ó tán. Látìgbà tí ìyá yẹn bá ti gbẹ́sẹ̀ wọlé, ojú yín ò ní kúrò lára ẹ̀ mọ́, tó bá bu omi mu ẹ ti ń fura sí i. Bákan náà ni "ìparí ẹ̀ á yà yín lẹ́nu", torí ẹni tó bá ti gbọ́ ìyẹn á kàn máa dọdẹ ìparí kiri ni, kò ní gbádùn àárín. Kódà "ẹ fara dà á, ó máa dáa" ń sọ nǹkan, àmọ́ ìyẹn sàn díẹ̀, mo máa ń lò ó fáwọn tí kò ní sùúrù.

Nígbà tí dírẹ́tọ̀ kan tó ń jẹ́ Alfred Hitchcock gbé fíìmù Psycho jáde ní 1960, n'ṣe ni wọ́n fi òfin dè é pé tí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò ní gba ẹnikẹ́ni wọlé mọ́, wọ́n sì tún bẹ àwọn tó ti wò ó pé kí wọ́n má sọ ìparí fáwọn tí kò tíì wò ó. Ọ̀rọ̀ spoiler ò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Lódìkejì ẹ̀wẹ̀, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú méjì ní Yunifásítì California ní San Diego ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2011, wọ́n fún àwọn èèyàn ní ìtàn kúkúrú kà, wọ́n kọ́kọ́ sọ ìparí fáwọn kan nínú wọn, àwọn yẹn ló sì wá sọ pé àwọn gbádùn ìtàn náà jù. Ó dáa, àmọ́ ìtàn inú ìwé ni wọ́n kà, wọn ò wo fíìmù, àti pé èmi ò lè tìtorí ìyẹn gba ẹ̀tọ́ ẹlẹ́tọ̀ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìparí, á bi yín. Tó bá bi yín, ẹ sọ fún un, ẹ má ṣe é bíi pé ó dẹ́ṣẹ̀.

Ohun kan wà tó jọ spoiler tí kì í ṣe spoiler, òun ni mi ò ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi: ìkìlọ̀. Tí fíìmù bá ní ìfipábánilòpọ̀, ikú ọmọdé, kéèyàn para ẹ̀, àìsàn tó ń pààyàn díẹ̀díẹ̀, ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan. Ẹ ò nílò láti sọ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Ìkànnì kan tiẹ̀ wà tó ń jẹ́ Does the Dog Die, wọ́n dá a sílẹ̀ torí àwọn tí kò fẹ́ wo fíìmù tí ajá ti kú, ó ti wá fẹ̀ débi pé oríṣiríṣi nǹkan tó lè ba èèyàn lọ́kàn jẹ́ ló wà níbẹ̀, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò tí ẹ ò bá rántí gbogbo ohun tẹ́ ẹ wò.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìparí láàárín àwọn tó ti wò ó lórí ìkànnì, ẹ bò ó mọ́lẹ̀, kẹ́ni tí kò tíì wò ó má baà ṣèèṣì rí i. Lórí Discord, ẹ fi ọ̀pá méjì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà báyìí, ||ọ̀rọ̀||, lórí Reddit ẹ fi >! ṣáájú kẹ́ ẹ fi !< parí ẹ̀, Telegram náà ní tiẹ̀, ibi téèyàn ti ń mú kí lẹ́tà ki tàbí kó dagun lẹ máa ti rí i. Níbi tí kò bá ti sí irú ẹ̀, ẹ rántí pé ìlà àkọ́kọ́ mẹ́sẹ́èjì yín máa yọ lójú fóònù èèyàn láìjẹ́ pé ó ṣí i, ẹ má fi orúkọ apààyàn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

4. "Ó dùn" ò tó

Ẹ wá sọ èrò yín wàyí. Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn àbúrò mi ni pé kí wọ́n ya "kò bá mi lára mu" sọ́tọ̀ kúrò lára "wọn ò ṣe é dáadáa". Èmi ò fẹ́ràn fíìmù tí wọ́n ti ń kọrin láàárín ọ̀rọ̀, tí mo bá wo ọ̀kan tó sú mi, mo ní láti sọ pé irú ẹ̀ ni mi ò fẹ́ràn, torí ẹni tó fẹ́ràn orin lè máa wá irú ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àmọ́ tí ohùn àwọn òṣèré ò bá bá ẹnu wọn lọ, tàbí tí ẹni tó fọ́ lójú ní ìbẹ̀rẹ̀ bá ń ka lẹ́tà láàárín láìsí àlàyé, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ràn mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi nǹkan kan han èèyàn. Ọ̀kan péré. Dípò "obìnrin yẹn mọ eré ṣe gan-an", ẹ sọ pé "nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé ọmọ ẹ̀ ti dé, kò dìde, n'ṣe ló ń ká aṣọ lọ, ó ká ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì." Ẹni tó gbọ́ ìyẹn ti rí i. Ẹ ò sì tú nǹkan kan fún un.

Ẹ ṣọ́ra kẹ́ ẹ má di ẹ̀bi ru ẹni tí kì í ṣe tiẹ̀. Òṣèré la máa ń rí, òun náà la máa ń bú, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìgbà ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún un ló kú, ẹ̀dá èèyàn wo ló lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó dùn létí. Tó bá jẹ́ pé ìran kan gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó gé fíìmù náà lẹ fẹ́ bá wí.

5. Ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ àti máàkì

Àwọn ìkànnì kan wà tí wọ́n ti ń fún fíìmù ní máàkì: IMDb ń lo 1 dé 10, Letterboxd ń lo ìràwọ̀ márùn-ún, ó sì gba ìdajì ìràwọ̀. Ìyẹn ò le. Rotten Tomatoes ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú, wọ́n á ní fíìmù kan gba 95%, wọ́n á rò pé máàkì ni bíi ti ìdánwò. Rárá o. Iye àwọn alárìíwísí tó ní ó dáa nínú ọgọ́rùn-ún ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Tí alárìíwísí mẹ́wàá bá wo fíìmù kan, tí gbogbo wọn ní "kò burú", tí kò sẹ́ni tínú ẹ̀ dùn jù, 100% ló máa gbà. Tí márùn-ún nínú wọn bá wá ní fíìmù míì ni fíìmù tó dáa jù táwọn ti wò láyé àwọn, tí márùn-ún yòókù ní ràdàràdà ni, 50% ni, wọ́n á sì fi tòmátì tó ti bàjẹ́ sí i torí kò dé 60%. Èmi ò mọ̀ yín o, àmọ́ fíìmù kejì yẹn ni màá lọ wò.

Èmi ti fi nọ́ńbà sílẹ̀. Ìdáhùn mẹ́ta ni mo ní: ẹ wò ó lónìí, ẹ wò ó tó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ fi sílẹ̀.

6. Tẹ́nì kan bá ní kẹ́ ẹ júwe fíìmù fóun

Ẹ bi í kẹ́ ẹ tó dáhùn. Ẹ má bi í pé irú fíìmù wo ló fẹ́ràn, gbogbo èèyàn ló máa ní àwọn fẹ́ràn fíìmù tó mọ́gbọ́n dání. Ẹ bi í pé èwo ló pa láàárín kẹ́yìn, kí ló dé tó fi pa á? Ìdáhùn yẹn ń sọ òótọ́ jù. Ẹ wá bi í pé àwọn ta ló fẹ́ wò ó pẹ̀lú ẹ̀, torí fíìmù téèyàn lè dá wò lóun nìkan lè di wàhálà tí ìyá ìyàwó ẹ̀ bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí gbogbo yín wá máa wo àjà nítorí ìran kan tí kò fẹ́ tán.

Ẹ dárúkọ ọ̀kan fún un. Tó bá pọ̀ jù, méjì, ọ̀kan tó dá yín lójú pé á fẹ́ràn, ọ̀kan tẹ́ ẹ kàn fi dán an wò. Ẹni tẹ́ ẹ bá kó fíìmù ọgbọ̀n lé lọ́wọ́ ò ní wo ìkankan, mo mọ̀ torí mo ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mẹ́ta lórí fóònù, mi ò tíì ṣí wọn.

Kẹ́ ẹ sì ṣílẹ̀kùn fún un láti jáde: "Tó bá di ìdajì wákàtí tí kò bá wọ̀ yín lára, ẹ pa á, mi ò ní bínú." Tó bá wá jẹ́ pé ẹ jọ ń wò ó ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo fíìmù, ẹ má wo ojú ẹ̀. Mo ti bá ẹnì kan wo fíìmù rí tó jẹ́ pé èmi ló ń wò látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó á ní "ibi tó dùn ló ń bọ̀ yìí", ó á rẹ́rìn-ín kí àwàdà tó jáde. Ọrùn ro mí lọ́jọ́ yẹn.

7. Tí kò bá dùn mọ́ ọn ńkọ́?

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ bi í pé "ibo ló ti já yín kulẹ̀?", kẹ́ ẹ gbọ́ ọ tán, kẹ́ ẹ má gba fíìmù jà bíi pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ kọ ohun tó sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀, ọjọ́ míì á wúlò. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n júwe fún, ẹ padà lọ jíyìn, bó tiẹ̀ jẹ́ gbólóhùn kan, ó máa ń dun èèyàn tó bá júwe nǹkan tí kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ó gbà mí ní nǹkan bí ọdún kan kí n tó tún júwe fíìmù fún ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí mo kọ sí wọn rèé: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo wo fíìmù kan lánàá, wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú ni, wọ́n kọ ìtumọ̀ ẹ̀ sísàlẹ̀. Obìnrin àgbàlagbà kan ń gbé lóun nìkan, àràárọ̀ ló ń rí ọkùnrin kan tó dúró sẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé ẹ̀, kì í kan ilẹ̀kùn, kì í sọ̀rọ̀. Ẹnì kan kú níbẹ̀ àmọ́ wọn ò fi hàn, kò sí ilé ìwòsàn. Ó falẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ohùn òjò inú ẹ̀ nìkan tó èèyàn wò. Tí kò bá wọ̀ yín lára lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ẹ pa á."

Wọn ò fèsì. Nígbà tó di aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, fóònù mi dún.

"Ta ni ọkùnrin ẹnu ọ̀nà yẹn?"

Mo ní kí wọ́n máa wò ó lọ.